Wọn ò rí sínóò rí, báwo la ṣe máa fi wíńtà ṣiṣẹ́ ọwọ́ fún wọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Nọ́sìrì ni mò ń kọ́ ní Mọ́níyà níbí n'Íbàdàn, ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n jẹ́ 18. Ìwé tí wọ́n fún wa lò, òyìnbó ló ṣe é, ó ní kí n fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ní Jánúárì ṣe iṣẹ́ ọwọ́ lórí wíńtà. Àwọn ọmọ yìí ò rí sínóò rí, èmi gan-an ò rí i rí. Kí ni kí n ní kí wọ́n ṣe, tí ò ní ná wa lówó púpọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá o, Àǹtí. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo jókòó lóru mo gé pépà sínóòmáànù fún gbogbo kíláàsì, àwọn ọmọ kàn lẹ òwú mọ́ ọn ni, gbogbo ẹ̀ jọra wọn, àwọn òbí ń pàtẹ́wọ́, àfìgbà tí mo bi ọmọ kan pé kí lo ṣe yìí, ó ní ògì ni. Kò jẹ̀bi jàre. Ohun tọ́wọ́ ọmọ ò tíì kàn, ẹ ò lè fi pépà ṣàlàyé ẹ̀ fún un.

Torí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi sínóò sílẹ̀, ọyẹ́ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wà nínú wíńtà ní London, ọyẹ́ ló ń fẹ́ lọ́dọ̀ tiwa, ó ń gbé eruku bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhàrá, ètè ń sán, ara ń gbẹ. Kẹ́ ẹ tó fi òrí pa wọ́n lẹ́sẹ̀ láàárọ̀, ẹ ní kí oníkálukú fi ìka fa ìlà sára ojúgun ẹ̀, funfun á yọ, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ọnà àkọ́kọ́ nìyẹn o, kọ́bọ̀ ò jáde lápò yín. Ẹ tún kó wọn lọ síbi gíláàsì mọ́tò tí eruku ti bò, kí wọ́n yàwòrán síbẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ kí wọ́n ṣa ewé gbígbẹ abẹ́ igi fúrúùtù wá lẹ̀ mọ́ pépà. Ẹ ro sítáàṣì díẹ̀ lórí iná fún gọ́ọ̀mù, ó ń lẹ̀ dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé áìsì blọ́ọ̀kù wá, tí iná ò bá sí ẹ ra a lọ́wọ́ àwọn tó ń ta pió wọ́tà tútù. Ẹ kó o sínú báàfù, kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n pariwo, ẹ má tíì sọ nǹkan kan. Ẹ wá sọ fún wọn pé níbi tí òtútù ti mú débi pé omi ń dì, omi inú ìkùukùu ló ń dì tó ń já bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí òwú, òun ni sínóò. Ẹ ṣọ́ra ṣá, torí yìnyín làwọn ìyá àgbà á pe sínóò àti èyí tó máa ń bá òjò bọ̀ níbí, bẹ́ẹ̀ ti òjò le bí òkúta, sínóò rọ̀.

Èyí témi fẹ́ràn jù ni ti àbẹ́là. Ẹ fún ọmọ ní pépà funfun àti àbẹ́là funfun, kó fi ya ohun tó bá wù ú, kò ní rí nǹkan kan, á máa wò yín bíi pé ẹ tàn án. Ẹ wá ní kó fi búrọ́ọ̀ṣì kun pẹ́ńtì búlúù tẹ́ ẹ fi omi là dáadáa lé e lórí. Omi ò lè mú ibi tí àbẹ́là ti kọjá, nǹkan tó yà á kàn máa yọ funfun báláú lójijì. Ẹ di etí yín mú nígbà náà.

Ẹ tún lè ní kí wọ́n to ègé pépà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta kọjá lórí ara wọn kó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, torí mẹ́fà ni sínóò gidi máa ń ní, kì í ṣe mẹ́jọ bí wọ́n ṣe ń yà á kiri. Sísọ́ọ̀sì? Ó di ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn kan á sọ pé kẹ́ ẹ wọ́n iyọ̀ sórí áìsì kó máa yọ́ ṣíhòòṣíhòò, ó dáa láti wò, àmọ́ lásìkò ọyẹ́ tọ́wọ́ ọmọ ti là, iyọ̀ á ta wọ́n, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wọ́n ọn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sì fi kánfọ̀ tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ ṣe sínóò láéláé, mo ti rí i nínú kíláàsì kan. Tọ́mọ bá gbé e mì ó lè ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ lára ẹ̀, àgàgà ọmọ tí G6PD, ìyẹn èròjà inú ara tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, ò pé lára ẹ̀, wọ́n sì pọ̀ láàárín wa.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ áìsì aláwọ̀ tí wọ́n lè fi kun pépà, ṣóbò ni kẹ́ ẹ fi dì í sínú kọ́ọ̀bù kékeré, kẹ́ ẹ ki igi áìsìkírímù bọ̀ ọ́ láàárín. Wọ́n máa lá a, kò sí wàhálà. Ẹ kàn ní kí wọ́n mú ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bàbá wọn wá láti ilé, torí ṣóbò kì í tètè bọ́ lára yúnífọ́ọ̀mù, ẹ̀yin sì ni ìyá wọn máa wá bá.