Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Ta ló máa ra àwòrán ìyá tó ń ha ìpẹ́ ẹja?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹja ni mò ń tà ní ọjà Olúwo níbí, ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin ti ṣe wáẹ̀kì tán, ó wà nílé, àwòrán ló ń yà ṣáá. Èmi àtàwọn tá a jọ ń tajà ló máa ń yà, ẹni tó ń ha ìpẹ́, ẹni tó ń fẹ́ná sábẹ́ ẹja, kódà ó ya ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń tòògbé lórí àpótí. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ wá bínú, wọ́n ní kó lọ máa ya ọba àti gómìnà, pé ta ló máa fowó ra àwòrán ìyá tó ń ha ìpẹ́ ẹja. Lọmọ bá gbé fóònù jáde, ó ní ọkùnrin Faransé kan wà tó ń jẹ́ Chardin, pé ẹja àtàwọn ọmọ ọ̀dọ̀ lòun náà ń yà, pé ọba gan-an gba àwòrán lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni àbí ọmọ yìí kàn fẹ́ fi dá wa lóhùn ni? Ṣé ọkùnrin náà tiẹ̀ rí jẹ? — Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà o, ẹ ò ní tà á ládàánù. Ọmọ yín ò purọ́.

Jean-Baptiste-Siméon Chardin lorúkọ ẹ̀, Párísì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1699, káfíńtà ni bàbá ẹ̀, òun ló máa ń ṣe tábìlì bílíádì fún ọba. Àwòrán tó gbé e jáde, ẹja ni. Ẹja òkun pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ bí àtẹ, wọ́n ti la inú ẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri, ìfun ẹ̀ ń dán pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, ológbò kan wá wà lápá òsì tó ti gbé ẹsẹ̀ lé àwọn nǹkan inú ìkarawun tí wọ́n kó síbẹ̀, irun ẹ̀yìn ẹ̀ dúró ṣánṣán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti lé ológbò nídìí ẹja rí, ẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ọkùnrin yìí dúró wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa kó tó yà á. Lọ́dún 1728 ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ọba, tí wọ́n ń pè ní Akadẹ́mì, ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbà á wọlé.

Àmọ́ wọn ò gbà á síwájú o. Bí ìgbà tí wọ́n bá ń to àga níbi ìwúyè ni wọ́n ṣe to iṣẹ́ àwòrán nígbà yẹn, ẹni tó ń ya ìtàn Bíbélì àti ogun àti àwọn òrìṣà Gíríìkì ló jókòó síwájú, ẹni tó ń ya ojú àwọn èèyàn ńlá tẹ̀ lé e, ẹni tó ń ya báwọn èèyàn ṣe ń gbé nínú ilé wọn wà lẹ́yìn, ẹni tó ń ya èso àti ẹja tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dúró síta. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ yìí sọ, wọ́n ti sọ ọ́ ní Párísì ní bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn.

Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, Aved, tó ń ya ojú èèyàn, kọ iṣẹ́ 400 livre (owó Faransé ayé ìgbà yẹn), ó lówó ẹ̀ kéré. Chardin ní ṣebí owó ni 400 náà, Aved bá fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni, tó bá jẹ́ pé yíya èèyàn rọrùn bíi yíya sọ́sééjì, irú nǹkan jíjẹ tí Chardin ń yà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún. Láàárín ọdún 1730 sí 1740 ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya èèyàn lóòótọ́, àmọ́ kò lọ ya olóyè, ó ya obìnrin tó jókòó ń hó nǹkan ọbẹ̀ tó wá gbójú sókè bíi pé ó ń ro nǹkan míì, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ti ọjà dé tó gbé búrẹ́dì sílẹ̀ tó wá fara ti kọ́bọ́ọ̀dù kó lè mí, ìyá tó ń bu oúnjẹ tó ní káwọn ọmọ gbàdúrà ná. Èyí tí wọ́n ti ń gbàdúrà yẹn ló fún Ọba Louis kẹẹ̀ẹ́dógún lọ́dún 1740. Ó wà dòní ní Louvre, ààfin ọba ní Párísì tó ti di ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí báyìí.

Ó rí jẹ, àmọ́ kò yára. Ọwọ́ ẹ̀ falẹ̀ gan-an, nítorí náà bí àwòrán kan bá tà, á tún un yà lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn kan tún máa ń fín àwòrán ẹ̀ sára bàbà, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ìyẹn làwọn tí ò lè ra ojúlówó fi ń gbé e kọ́ ilé wọn. Ìyàwó àkọ́kọ́ kú lọ́dún 1735, opó olówó ló fẹ́ lọ́dún 1744 (ká má parọ́, ìyẹn náà ràn án lọ́wọ́). Ó di akápò Akadẹ́mì, ọba fún un nílé nínú Louvre lọ́dún 1757. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé nígbà tó kan ọmọ tiẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó jókòó síwájú yẹn náà ló ní kọ́mọ lọ kọ́! Ọmọ gba ẹ̀bùn ńlá lọ́dún 1754, wọ́n rán an lọ sí Róòmù, àmọ́ kò rí bí wọ́n ṣe rò, ó kú ṣáájú bàbá ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kọ́mọ máa yà yín, ìyá wa. Ṣùgbọ́n kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì àti pépà pẹ̀lú, kó má kàn dúró de olówó kan.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ó dìgbà tí mo bá lọ sókè òkun kí n tó mọ iṣẹ́ yìí? Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ti ń jápa. — Ayàwòrán, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Àbúrò, Chardin yìí kan náà ò débi kankan. Ítálì ni gbogbo wọn ń sáré lọ nígbà ayé ẹ̀, òun ò lọ, Párísì ló wà títí tó fi kú lọ́dún 1779. Apẹ̀rẹ̀ èso kékeré kan tó yà nínú ilé ẹ̀, wọ́n lu gbàǹjo ẹ̀ lọ́dún 2022, ó lé ní mílíọ̀nù 24 owó yúrò, kó má bàa jáde nílùú làwọn ará Faransé fi dáwó pẹ̀lú Louvre tí wọ́n fi rà á. Bí físà bá wá, ẹ lọ. Bí kò bá tíì wá, ìyá onírú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín ńkọ́?

ÌBÉÈRÈ: Síńbọ́ọ̀dù ni mò ń kọ, ó ti lé lógún ọdún, ojú ti ń ta mí, ó ń ro omi. — Bàbá Àgbà, Àgbádárìgì

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ohun tó ṣe Chardin nìyẹn nígbà tó dàgbà, òjé wà nínú ọ̀dà ayé ìgbà yẹn, ojú ẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó gbé ọ̀dà olóròró jù sílẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀, ó fi ya ara ẹ̀ lọ́dún 1771 pẹ̀lú awò lójú àti aṣọ tó wé mọ́rí, ó tún ya òmíràn lọ́dún 1775 tó fi nǹkan ṣíji bo ojú, èmi ò tíì rí arúgbó tó wo èèyàn lójú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ti Chardin ṣe ìtọ́jú o, ilé ìwòsàn ìjọba ni kẹ́ ẹ lọ, sọ́dọ̀ dókítà ojú, kẹ́ ẹ sì mú agolo ọ̀dà yẹn dání kó lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Títí tẹ́ ẹ máa fi lọ, ìta ni kẹ́ ẹ ti máa kun ún, ẹ má ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tìlẹ̀kùn ẹ̀.