Kí ni ìtumọ̀ gíláàsì oníkókó márùn-ún inú àmì ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì Amẹ́ríkà?

Ìbéèrè náà ni pé kí ló dé tí American Chemical Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1876, fi ya gíláàsì oníkókó márùn-ún sí abẹ́ ẹyẹ inú iná nínú àmì wọn, àti pé ṣé ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ rárá. Kaliapparat ni wọ́n ń pè é, Justus von Liebig, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì, ló sì gbé e jáde ní ìlú Giessen ní ọdún 1831, láti fi mọ ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù tó wà nínú ohun bíi ṣúgà. Wọn á po ohun náà mọ́ kọ́pà ọ́síìdì nínú ọ̀pá gíláàsì gígùn, wọn á to ẹyin iná yí i ká títí yóò fi jó tán. Ọ̀pá kan tó ní kálísíọ́mù kiloráìdì gbígbẹ ni yóò fa omi tó bá jáde mu, kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ́síìdì, afẹ́fẹ́ tí kábọ́ọ̀nù inú ohun náà dà nígbà tó jó, ni yóò sì wọnú Kaliapparat.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà wà. Omi pọ́táàṣì, ìbátan omi eérú tí àwọn alọ́ṣẹ dúdú wa ń sẹ́ láti ara èèpo kòkó, ló wà nínú kókó mẹ́ta ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ náà yóò sì máa hó láti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì títí pọ́táàṣì yóò fi gbé e mì. Kókó méjì òkè tóbi jù wọ́n lọ, kí omi náà lè rí ibi dúró sí bí afẹ́fẹ́ bá tì í lójijì tàbí bí ọ̀pá gbígbóná bá fà á padà. Bí wọ́n bá wọn Kaliapparat ṣáájú, tí wọ́n sì tún un wọ̀n lẹ́yìn iṣẹ́, ohun tó fi wúwo sí i ni ìwọ̀n afẹ́fẹ́ náà. Nínú gíráàmù 44 rẹ̀, 12 ni kábọ́ọ̀nù.

Ṣáájú rẹ̀, àwọn onímọ̀ bíi Gay-Lussac, tí Liebig kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Paris, máa ń gba afẹ́fẹ́ náà sórí mẹ́kúrì láti mọ bó ṣe pọ̀ tó, iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Kaliapparat sọ ọ́ di iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ tó bá ní sùúrù àti òṣùwọ̀n tó péye lè ṣe, lójú tèmi, ìyẹn gan-an ni ẹgbẹ́ náà ń bọlá fún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ rọ́ lọ sí Giessen. Eben Horsford, ará Amẹ́ríkà, wà lára wọn, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard ní ọdún 1847.