Mo Rí Ẹyinjú Méjèèjì, Mi Ò Rí Imú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Olùkọ́ ni mí ní Kétu, ní Benin. Àbúrò mi tó ń gbé ní Faransé gbé awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ wá fún mi, dígí inú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20. Mo ti rí M84 àti M86, àgbájọ ìràwọ̀ méjì nínú agbo Virgo, wọ́n rí bí èéfín kékeré méjì. Àwòrán ojú ọ̀run tí mo ní fi NGC 4387 hàn sáàárín wọn, ṣùgbọ́n alẹ́ mẹ́ta ni mo fi wá a tì. Ó ku díẹ̀ kí òṣùpá kún nígbà náà. Ṣé eruku ọyẹ́ tó bà sórí dígí ló fà á? Ṣé kí n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́ Màdáámù, ẹ gbé ọṣẹ yẹn sílẹ̀ ná. Awò tó bá ti fi M84 àti M86 hàn yín, dígí rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Bó ti wù kí eruku orí dígí burú lójú tó, ìmọ́lẹ̀ tó ń dí kò tó nǹkan. Aṣọ tí a fi ń nù ún gan-an ló ń bà á jẹ́, torí pé alumíníọ́mù tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́ gidi. Èmi tí mò ń sọ yìí fi etí aṣọ nu tèmi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní in. Ìlà tó ha wà níbẹ̀ dòní.

Ohun tí ẹ ń wá ló ṣòro rí. Gàlásì ni NGC 4387, àgbájọ ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀, ó rí bí ẹyin tí a fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Kò ní apá tó yí po bíi ti gàlásì tiwa. Àwọn ìràwọ̀ inú rẹ̀ ti darúgbó, gáàsì tí ì bá fi bí tuntun sì ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ìyókù ń rọra pòórá títí ẹ ò fi ní mọ ibi tó parí sí. Ìmọ́lẹ̀ M84 tó nǹkan bí ìlọ́po 15 tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ inú agbo kan náà ni wọ́n wà, agbo tí gàlásì inú rẹ̀ ju 1,000 lọ, tó jìnnà sí wa tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 54 ọdún ìmọ́lẹ̀ (ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́dún kan ni ọdún ìmọ́lẹ̀ kan).

Àwọn awòràwọ̀ máa ń fi ibẹ̀ wé ojú èèyàn: M84 àti M86 ni ẹyinjú méjèèjì, NGC 4387 ni imú, NGC 4388 tó tẹ́ gbọọrọ ni ẹnu. Charles Messier, awòràwọ̀ ará Faransé, kọ ẹyinjú méjèèjì sílẹ̀ ní Páríìsì ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta 1781. Kò kọ imú. Awòràwọ̀ mìíràn, William Herschel, ló rí i ní 1784, awò tiẹ̀ sì tóbi dáadáa. Ẹ̀yin nìkan kọ́ ló ṣe.

Òṣùpá tí ẹ dárúkọ yẹn ni ọ̀ràn gan-an. Ẹ dúró di ọjọ́ mélòó kan kí oṣù tuntun tó lé. Ọyẹ́ náà kò dára fún iṣẹ́ yìí, àmọ́ eruku tó wà lójú ọ̀run ni mò ń wí, kì í ṣe ti orí dígí. Oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún ló dáa jù, lóru tí òjò bá ti fọ ojú ọ̀run tán, tí ìkùukùu sì ti ká kúrò. Láàárín oṣù kẹrin, bó bá kù díẹ̀ kí aago 12 òru lù, agbo náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí àtàrí yín ní Kétu. Láàárín oṣù karùn-ún, bí aago 10 alẹ́ ni. Àbúrò yín kò lè rí i lókè tó bẹ́ẹ̀ ní Faransé láéláé. Àmọ́ bí awò yín bá jẹ́ irú èyí tó jókòó sórí pákó tó ń yí, á ṣagídí tó bá dojú kọ àtàrí tààrà. Ẹ jẹ́ kó yẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn fún bíi wákàtí kan.

Iṣẹ́ tó kù, ojú yín ni yóò ṣe é. Ẹ jókòó sínú òkùnkùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí fóònù wà nínú ilé. Bí alùpùpù zẹ́mì bá tanná kọjá, ẹ di ojú tí ẹ fi ń wo awò. Ẹ fi ìborùn dúdú bo orí. Ẹ wá lo dígí kékeré tí a ń gbé ojú lé, èyí tí wọ́n kọ 10 sí lára, kí ẹ̀yìn gàlásì náà lè túbọ̀ ṣú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìdí ojú wò ó. Mo mọ̀ pé ìwọ̀sí ni kéèyàn fi ìdí ojú wo ẹnìkejì nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n gàlásì kì í bínú. Àárín ojú tí a fi ń kàwé, ti ọ̀sán ni. Ohun tó ń ríran lókùnkùn wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lórí àpáta kan ní Ṣábẹ̀ẹ́, pẹ̀lú awò tó fẹ̀ bíi tiyín, mo tẹjú mọ́ M86, mo fi ọkàn sí àárín òun àti M84, mo sì fi ìka ta ara awò náà pẹ́pẹ́. Nǹkan kan yọ bí èémí ẹni lára dígí. Mo yíjú sí i tààrà, ó lọ. Mo tún wo ẹ̀gbẹ́, ó padà.

Bí imú bá ti yọ, ẹ wá ẹnu. Irú awò yìí máa ń dorí nǹkan kodò, torí náà kí ó má yà yín lẹ́nu bí ẹnu bá wà lókè.