9mm tàbí .380 fún àbúrò yín ní Texas

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bèèrè bóyá ìbọn ìléwọ́ 9mm tàbí .380 (ìwọ̀n ọta ìbọn ni méjèèjì) ni kí àbúrò yín obìnrin tó wà ní Texas rà, àti bóyá ẹ̀yin náà lè ra ọ̀kan. 9mm ni kó rà, bí ọwọ́ rẹ̀ bá lè fa apá òkè ìbọn náà sẹ́yìn dáadáa. Ọta rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, kì í sì í sábà wọ́n tó ti .380. Bí ọwọ́ bá ń ro ó, kó mú .380.

Kó dì í mú ní ṣọ́ọ̀bù kó tó sanwó. Ìbọn tó kéré tó sì fúyẹ́ jù máa ń ta padà síni lọ́wọ́ gan-an. Bí ìka kékeré rẹ̀ kò bá ríbi dúró sí, kó gbé òmíràn.

Tiyín ní Adó-Èkìtì yàtọ̀ o. Òfin ìbọn wa ti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ léèwọ̀, àfi pẹ̀lú àṣẹ Ààrẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á lábẹ́lẹ̀. Bí ọ̀nà oko bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ lọ bá Àmọ̀tẹ́kùn.