Ṣé Tẹlifíṣọ̀n Lè Máa Ṣọ́ Ẹni Tó Ń Wò Ó?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra tẹlifíṣọ̀n tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ní Ìlọrin, ọmọ mi sì ní ó ń ṣọ́ ohun tí a ń wò. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé òfin fàyè gbà á? — Òǹkàwé kan, Ọ̀ffà.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń yẹ àwòrán ojú ara wọn wò léraléra, ìbáà jẹ́ láti inú DVD tàbí dẹ̀kódà ló ti wá, kí ilé iṣẹ́ lè mọ ètò tí ẹ ń wò, kí ó sì ta ìmọ̀ náà fún àwọn olùpolówó ọjà. Ní ọdún 2017, ilé iṣẹ́ Vizio san mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ní Amẹ́ríkà láti yanjú ẹ̀sùn pé ó ṣe bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n mílíọ̀nù 11 láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n.

Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2023 tó ń dáàbò bo ìwífún ara ẹni ní kí gbígba ìyọ̀ǹda padà rọrùn bí fífún ni ṣe rọrùn. Ṣùgbọ́n “mo gbà” tí a fi ìkánjú tẹ̀ lábẹ́ àdéhùn gígùn tó hàn nígbà tí a kọ́kọ́ tan tẹlifíṣọ̀n, kí iná tó lọ (ta ló ń ka gbogbo ewé yẹn?), èmi kò kà á sí ìyọ̀ǹda. Lójú tèmi, ó yẹ kí FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé tẹlifíṣọ̀n náà ń ṣọ́ ohun tí a ń wò, kí a lè rí i kí a tó sanwó.

Ní báyìí, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Privacy, kí ẹ sì pa ètò tó ń ṣọ́ ohun tí ẹ ń wò níbẹ̀.