Èsì: Ṣé ajá ni kobold àbí aláǹgbá?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní àwòrán kan fi kobold, ẹ̀dá kékeré inú ìtàn àti géèmù, hàn bí ajá, òmíràn bí aláǹgbá, pé èwo ni ká gbà. Méjèèjì ni o.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì lorúkọ ti wá: iwin kúkurú tó ń gbé inú ilé, tàbí abẹ́ ilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn awakùsà. Bí wọ́n bá yọ́ òkúta tó dà bíi fàdákà lórí iná, tó jẹ́ èéfín olóró nìkan ló jáde, wọ́n á ní kobold ló fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ irin tó ń jẹ́ cobalt ti wá.

Dungeons & Dragons, géèmù ìtàn orí tábìlì ti 1974, ló sọ ọ́ di ẹ̀yà ẹ̀dá inú géèmù. Àwòrán wọn ní 1977 ní ojú ajá, ìwo àti ìpẹ́ lára; ní 2000, wọ́n sọ ọ́ di ìbátan drágónì. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù ilẹ̀ Japan, ajá ṣì ni (èmi fẹ́ràn ìyẹn jù).

Nígbà tá a ń gbá géèmù Dungeons yẹn ní Under G, àdúgbò kan nÓgbómọ̀ṣọ́ níbí, ọ̀rẹ́ mi kan ní ègbére ni kobold, pé ẹní ló kù kó ká mọ́ abíyá. Mo ní rárá: ègbére ń sunkún kiri ni, kobold ń dẹ pàkúté dè ẹ́.