Mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì 48 fóòtì: kò síbi tí ẹ ó ti ki wáyà bọ̀ ọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ ra Tucson dísẹ́ẹ̀lì tòkunbọ̀ kan, ẹni tó ń tà á ní hybrid 48 fóòtì (volt) ni. Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé, iná wa kì í dúró. Ṣé jẹnẹrétọ̀ kékeré lè máa fi iná sí bátìrì rẹ̀? Ríwáyà kan ní kí n kúkú yọ bátìrì náà dànù, kó di dísẹ́ẹ̀lì lásán.

ÌDÁHÙN: Ẹ fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀. Kò sí ihò kankan lára mọ́tò yẹn tí wáyà ń wọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń gbé e rìn; ẹ̀rọ iná kékeré kan tó ń lo bátìrì 48 ló kàn ń ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Tó bá tán lọ́nà, ẹ ó bọ́ sílẹ̀ tì í ni. Bátìrì ìnfátà 200Ah kan ṣoṣo ju ìlọ́po mẹ́rin bátìrì 48 yẹn lọ.

Nítorí èéfín ni wọ́n ṣe gbé e sí i. Euro 5, òfin èéfín mọ́tò ti ilẹ̀ Yúróòpù, gba mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì láyè 180 mílígíráàmù nitrogen oxide (gáàsì olóró inú èéfín) ní kìlómítà kan. Euro 6 gé e sí 80 ní 2014, àti láti 2017, ojú títì gan-an ni wọ́n tún ti ń wọ̀n ọ́n. Ìgbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù lójijì sì ni èéfín burúkú máa ń pọ̀ jù. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ iná kékeré náà máa ń bá ẹ́ńjìnnì gbé e. Tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, táyà ló ń yí ẹ̀rọ náà, bátìrì ń gba iná. Bí ẹ bá ń gòkè padà, ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ tán.

Ọ̀rọ̀ ríwáyà yín ló bí mi nínú. Mọ́tò yẹn kò ní alternator (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún bátìrì) mìíràn! Ẹ̀rọ iná kékeré tí bẹ́líìtì ń yí yẹn náà ni alternator. Iná 48 ló ń pèsè, converter kan á wá sọ ọ́ di 12 fún iná iwájú, wáípà àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ẹ yọ bátìrì yẹn, kò sóhun tí yóò máa fún bátìrì 12 lóúnjẹ mọ́. Wọ́n wọ́ ọ̀kan wá bá mi báyìí rí. Arámọkọ ló ti gbéra lálẹ́, kò dé Ìyìn. Awakọ̀ ní iná iwájú ló kọ́kọ́ pọ́n bí ẹyin iná, kí gbogbo rẹ̀ tó kú. Mo wọn bátìrì 12: fóòtì 9. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì, mo bá ẹnu wáyà 48 tí wọ́n fi téèpù dúdú wé bí ọgbẹ́. Ẹni tó ṣe é ti gbowó lọ.

Lóòótọ́, 48 fóòtì kì í sábà gbé èèyàn. Àmọ́ bí sípánà bá já lé orí bátìrì lithium, iná lè sọ. Mi ò tíì rí mọ́tò yín o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi yìí tú nǹkan kan.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú ẹni tí scanner rẹ̀ lè ka apá 48 náà dání, kì í ṣe èyí tó kàn ń pa iná dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ yẹ bẹ́líìtì wò bóyá ó ti sán. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ wọn bátìrì 12: ó yẹ kó wà ní bíi 14. Bó bá wà ní 12 tó tún ń lọ sílẹ̀, ẹ má rà á.

AdBlue, omi yúríà tí wọ́n fi ń fọ èéfín dísẹ́ẹ̀lì, ńkọ́? Ẹ bèèrè bóyá ó ń lò ó. Bó bá ń lò ó, ẹ má po ajílẹ̀ yúríà pọ̀ mọ́ omi kànga sí tánkì rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ ṣe é. Bí ẹni tó ń tà á bá sì ní kò sáyè àyẹ̀wò, ẹ wọkọ̀ padà sí Ìkẹ́rẹ́.